Iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà àròkọ ìgbaniwọlé tí mo lò: ìgbékalẹ̀ ni wọ́n mọ̀ jù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi lo iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àròkọ tí àwọn yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìgbaniwọlé, èyí tí èèyàn fi ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Torí kí wọ́n lè bá mi tún gírámà mi ṣe ni mo ṣe sanwó, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń yan ìgbékalẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí a ó gbà to àròkọ, ni mo rí kọ́ lọ́dọ̀ wọn, òun ló sì ṣe mí láǹfààní jù.

Common App, fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò, kò gbà kí àròkọ náà ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, kò sì gbà kó dín ní 250. Tèmi ti dé 648 kí n tó kàn sí wọn. Àìsàn bàbá mi ni mo kọ nípa rẹ̀, mo sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Olùtọ́sọ́nà mi kò fọwọ́ kan gírámà rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọ̀ mẹ́ta ló fi fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí mo kọ: pupa fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, búlúù fún ohun tí èmi fúnra mi ṣe, àwọ̀ ewé fún ohun tó yí padà nínú èrò mi. Ó wá ní kí n ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pupa jẹ́ 455, búlúù jẹ́ 121, àwọ̀ ewé jẹ́ 72. Mo tẹjú mọ́ ìwé náà títí. Bàbá mi ni ẹni tó bá ka àròkọ yẹn yóò mọ̀, kò ní mọ èmi.

Ẹ̀yìn èyí ló tó ṣàlàyé ọ̀nà méjì fún mi. Ẹni tó bá ní ìṣòro kan pàtó tó dojú kọ, tó gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀, tí àyípadà sì tẹ̀lé e, kí ó lo ìgbékalẹ̀ ìtàn, kí ìṣòro náà fúnra rẹ̀ má sì gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àròkọ lọ. Ẹni tí ohun tó fẹ́ sọ bá fọ́n káàkiri, kí ó ṣe é bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀: ohun kan ṣoṣo ni okùn, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìlẹ̀kẹ̀. Wíwá okùn yẹn ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú, bí ìrìn-àjò tàbí bọ́ọ̀lù, àròkọ náà yóò jọ ti ẹlòmíràn. Bí kò bá sì gùn dé ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ayé ẹni, yóò já láàárín.

Ìwé kékeré tí mo ń kọ àkókò oògùn bàbá mi sí ni mo fi ṣe okùn tèmi. Nínú ìwé kan náà ni mo ya bí wáyà rédíò ṣe lọ sí lọ́jọ́ tí mo tú u, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àbúrò mi ní ìṣirò, ibẹ̀ náà ni mo kọ àwọn ìbéèrè tí ojú kò jẹ́ kí n bi nọ́ọ̀sì. Àìsàn náà ṣì wà nínú àròkọ mi, ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta péré ni.

Iṣẹ́ wọn kù díẹ̀ káàtó lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbaniwọlé ọdún 2026 ni UCAS, àjọ tí èèyàn ń gbà wá ìgbaniwọlé sí yunifásítì níbẹ̀, ti pín àròkọ tirẹ̀ sí ìbéèrè mẹ́ta: ìdí tí èèyàn fi fẹ́ ka iṣẹ́ náà, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe mú un gbára dì, àti ohun tó ti ṣe lẹ́yìn ilé ìwé láti gbára dì. Gbogbo ìdáhùn kò gbọdọ̀ ju 4,000 lẹ́tà lọ, àlàfo náà wà nínú kíkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 350. Níbi tí ìbéèrè ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ báyìí, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí à ń sín mọ́, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe nìyẹn, ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì fi tú u palẹ̀. Nígbà tí mo fi ẹjọ́ sùn, wọ́n gbà pé àwọn ṣìṣe, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìpàdé kankan dí ọjọ́ tó ṣòfò.

Mo gbà kí ẹni tó ń kọ ti Common App lọ bá irú wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ mẹ́ta yẹn fa ìlà sábẹ́ tiyín. Bí búlúù bá ti pọ̀ ju pupa lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gírámà nìkan ló kù.