Ámpù PA àtijọ́ fún orin inú ilé: ti 100V rèé, ti chánẹ́ẹ̀lì méjì rèé

Tẹ́nì kan bá ní òun ní ámpù PA (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè fún èrò) àlòkù tí wọ́n tú kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iléèwé, tí ẹ sì fẹ́ fi gbọ́ orin nínú yàrá, ẹ má tíì bèèrè iye watts ẹ̀. Irú PA tó jẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan ni ti ìkéde, tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ sínú sípíkà rẹpẹtẹ lórí waya gígùn kan, wọ́n máa ń kọ 70V tàbí 100V sẹ́yìn ẹ̀. Ìkejì ni ti chánẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ràákì (àpótí irin tí wọ́n ń to ẹ̀rọ sí), ti àwọn tó ń ṣe òde àríyá, irú Crown DC-300 tó jáde ní 1967 tàbí Peavey CS-800. Mo ti ra méjèèjì rí, ọ̀kan ló ṣì wà nílé mi.

Ẹ̀yìn ámpù, níbi tí waya sípíkà ń wọ̀

Ibí ni owó mi bá lọ, torí náà ẹ fara dà á fún mi, màá pẹ́ díẹ̀.

Ámpù ìkéde ní tiransifọ́má ńlá kan nínú tó ń gbé fóltì sókè kí agbára má bàa ṣòfò sórí waya tó gùn, ohun kan náà tí wọ́n ń ṣe sí iná mọ̀nàmọ́ná kí wọ́n tó gbé e gba orí òpó. Sípíkà kọ̀ọ̀kan tó wà lórí waya yẹn á wá ní tiransifọ́má kékeré tiẹ̀ tó ń já fóltì náà wálẹ̀. Sípíkà ilé kò ní nǹkan bẹ́ẹ̀ o, 8 ohm ni tàbí 4 (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná), ṣe lẹ máa so ó tààrà. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀: ámpù 100 watts tó ń gbé 100V jáde, ẹrù tó ń retí ni 100 ohm. Tí ẹ bá so sípíkà 8 ohm mọ́ ojú 100V yẹn tí ẹ yí i sókè, 1,250 watts lẹ ní kó gbé yẹn. Kò lè gbé e. Ohùn á máa fọ́, ámpù á gbóná, fíùsì á jó tí orí bá bá yín ṣe é, tí kò bá sì bá yín ṣe é, transístọ̀ á ti kú kí fíùsì tó mọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣáà ní ojú 4, 8 àti 16 ohm lẹ́gbẹ̀ẹ́ 100V. Tí ẹ bá ti rí 8, ẹ so sípíkà 8 ohm yín mọ́ COM (ojú tí gbogbo wọn jọ ń lò) àti 8, ẹ má fọwọ́ kan 100V, ó tán. Èyí tí wọ́n tà fún mi kò ní, 70V àti 100V nìkan ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà á búra pé kò sí sípíkà tí kì í gbé. Tiransifọ́má ni mo tún lọ rà lé e, àwọn kékeré tó wà níta sì jẹ́ ti ohùn èèyàn, irin inú wọn ò tó nǹkan, tí báàsì bá ti lọ sílẹ̀ báyìí gbogbo ẹ̀ á dàrú. Àwọn tó nípọn wà lóòótọ́, àmọ́ tí ẹ bá ro owó wọn mọ́ owó ámpù, ẹ máa bínú. Mónò sì tún ni, chánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo! Kí ẹ tó gbọ́ stẹ́rìò, ẹ tún máa wá ìkejì ẹ̀ lọ.

Ti chánẹ́ẹ̀lì méjì ò mọ gbogbo ìyẹn. Òsì àti ọ̀tún ti wà lójú kan, 8 ohm tàbí 4 tààrà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó so sípíkà tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́ ọn, ẹ tàn án lásán, ẹ gbé mítà sí ojú sípíkà, ẹ wo iná DC (iná bíi ti bátìrì). Tó bá jẹ́ mílífóltì díẹ̀, kò sí wàhálà, tó bá ti di odidi fóltì, ẹ pa á, torí ó lè jó sípíkà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ibí yìí ni mo gbọ́dọ̀ yin ti 100V, tiransifọ́má ẹ̀ kì í jẹ́ kí DC kọjá. Bọ́tìnnì bridge náà, èyí tó ń so chánẹ́ẹ̀lì méjèèjì di ọ̀kan, ẹ rí i pé wọn ò tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí orin ń gbà wọlé

Ti ìkéde rọrùn níbí, ó sábà máa ń ní AUX (ojú tí wọ́n ń so ẹ̀rọ orin mọ́), ẹ kàn yí gbogbo bọ́tìnnì máìkì sí òdo kó má bàa máa hó ṣíí. Ti ràákì lè jẹ́ XLR (ojú oní-pín-ìn mẹ́ta bíi ti máìkì) nìkan, ẹ lo waya tó gbé orin sí pín-ìn 2, kí pín-ìn 1 àti 3 wà pọ̀ sí gíráńdì. Iná orin tó ń wọlé, 1.23V ni ìwọ̀n ti àwọn onímáṣíìnì ńlá, ti ẹ̀rọ ilé ò ju bíi 0.32V lọ, nítorí náà kò ní pariwo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ lo gbogbo 200 watts nínú pálọ̀? Watts mélòó kan ti tó yín.

Fáànù

Ti ràákì tó ní fáànù máa ń pariwo, mi ò ní parọ́. Ó ti mọ́ mi lára. DC-300 kò tiẹ̀ ní fáànù rárá, ẹ ṣáà fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Ọjọ́ orí

Kápásítọ̀ ti gbẹ nínú ọ̀pọ̀ wọn, tó bá ń kùn láìsí orin, owó àtúnṣe lẹ ń gbọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ti fáàfù (ti àtijọ́ tó ní gíláàsì bíi gílóòbù nínú), ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóltì lè ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá rà?

Méjèèjì ló níṣẹ́ tiwọn. Tó bá jẹ́ pé sípíkà mẹ́fà lẹ fẹ́ tò yí ilé ká, kíṣìnnì, gáréèjì, ẹ̀yìnkùlé, kí orin kàn máa dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níbi gbogbo, 100V ni, kò sí èyí tó máa ṣe é tó o. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ orin, kẹ́ ẹ gbọ́ báàsì bó ṣe yẹ, ẹ̀yin náà mọ èyí tí mo ń wí. Ẹ gbé sípíkà àlòkù kan tí kò dùn yín dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi dán an wò lójú yín, ẹ̀yìn ámpù ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wò. Tí ẹ bá rí 100V tẹ́ ẹ ò rí 8, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó ẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.