Zoom fún ẹ̀kọ́ àgbà ní Èkìtì: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi

Mo ń fi Zoom, áàpù ìpè fídíò, kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà láti Adó-Èkìtì níbí, mo sì fẹ́ kọ bó ṣe rí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò àtiṣe irú rẹ̀. Ó dára. Owó dátà tó ń jẹ kò gbé. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ojú tí ẹ ó máa rí lórí fóònù lò ó o. Ohun tó dára jù lára ìpè fídíò fún iṣẹ́ yìí ni pé tíṣà lè wo ọwọ́ ẹni tó ń kọ̀wé, nígbà tó ń kọ ọ́ gan-an.

Òǹtajà, télọ̀, àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà ló pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àwọn kan wà ní Ìkọ̀lé, àwọn kan ní Ọ̀mùò, àwọn mìíràn ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ọjà bá tú, ni àyè máa ń yọ fún wọn, ìrọ̀lẹ́ náà sì ni ìrìn-àjò kì í bá ènìyàn lára mu mọ́. Ta ló gbàgbé January 2024, tí wọ́n pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà nílẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n sì tún jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ gbé ní Emùré? Láti ìgbà náà, mi ò lè sọ fún ìyá àgbà kan pé kó wọ mọ́tò wá kọ́ á-bí-dí ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ìdí tí mo fi mú Zoom kò le rárá. Ẹni tí a bá fi lìǹkì ránṣẹ́ sí kò nílò àkáǹtì kankan kó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ ìyá mélòó ló ní ímeèlì? Google Meet dára, ìṣẹ́jú 60 ló fi ń gba ẹni mẹ́ta sókè láyè lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ó sábà máa ń béèrè àkáǹtì Google lọ́wọ́ wọn. WhatsApp ni gbogbo wọn mọ̀, ó sì lè gba ènìyàn 32 lórí ìpè fídíò kan. Òun ni mo ń lò bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Zoom ni, nítorí pé lórí kọ̀ǹpútà mi mo lè to àwòrán gbogbo wọn sójú kan, kí n sì fi èyí tí mo bá fẹ́ wò dáadáa síwájú.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ṣé ẹ mọ àga oníke kékeré tí kò ní ibi ìfẹ̀yìntì, tí ihò róbótó wà láàárín rẹ̀? Òun ni irinṣẹ́ tó wúlò jù fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí pákó nílẹ̀, á gbé àga náà kọjá lórí rẹ̀, á wá tẹ́ fóònù sórí àga kí kámẹ́rà ẹ̀yìn bọ́ sójú ihò. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó sórí àpótí tàbí ẹní. Lára Zoom, àmì kámẹ́rà kan wà lókè tó máa ń yí kámẹ́rà iwájú sí tẹ̀yìn. Mo kọ́ wọn dá a mọ̀ bí wọ́n ṣe ń dá owó mọ̀, láìka lẹ́tà kankan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹsẹ̀ àga. Láìsí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, òjìji ọwọ́ nìkan ni ẹ ó máa rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí ṣe fún màmá elélùbọ́ kan ní Ìkọ̀lé. Lẹ́tà b àti d ń dà á láàmú. Tó bá ya fọ́tò ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, nígbà mìíràn b tó gún régé ni mo máa ń rí, ìgbà mìíràn d. Kò sí ohun tí fọ́tò lè sọ fún mi ju ìyẹn lọ. Lábẹ́ àga oníke ni mo ti rí i pé ikùn lẹ́tà ló kọ́kọ́ máa ń fà. Tó bá fa ikùn tán, bírò á dúró lójú kan, á máa ronú apá ibi tí ọ̀pá yóò wà.

Mo ní, “Mà, ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀pá wálẹ̀. Ẹ wá yí ikùn rẹ̀ sápá ọ̀tún.”

“Ẹ dúró, tíṣà, ẹ jẹ́ n tún un kọ.”

Ó kọ ọ́ kún ìlà kan gbáko. Ìṣòro ọjọ́ pípẹ́ tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, torí pé mo rí ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí àwọn mìíràn tó ń tẹ bírò mọ́lẹ̀ tagbáratagbára títí apá fi ń ro wọ́n, tí wọ́n sì rò pé ọjọ́ orí ló fà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ: mo máa ń rí i bí ọwọ́ ṣe ń sáré kọjá láìpadà sẹ́yìn fi í sí i. Bí wọ́n bá kọ “ulé” bí a ti ń pè é nílé, mi ò kí ń fàlà pa á. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ “ilé” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n mọ méjèèjì.

Zoom ọ̀fẹ́ máa ń parí ní ìṣẹ́jú 40. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kùn sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dìde láti ìdájí, tó ti ta ọjà títí, ìṣẹ́jú 40 tó o. Ohun tó ń jẹ ẹ́ tán ni ìkíni. Ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láìkí àgbà, àgbà náà ò sì ní dáhùn láìbèèrè ilé àti ọmọ. A wá fi ìkíni sí fọ́ìsì nóòtì lórí WhatsApp ṣáájú. Ẹ tún pa yàrá ìdúró inú Zoom yẹn. Kò bójú mu kí bàbá ẹni máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni máìkì. Mo lè ti máìkì ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni náà ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó tún ṣí. Mo máa ń tọrọ gáfárà kí n tó tì í.

Kíkà pọ̀ lóhùn kan náà, tó jẹ́ ẹ̀mí kíláàsì àgbàlagbà, kò ṣeé ṣe lórí rẹ̀. Ohùn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi gbogbo, ọ̀kan á máa gun orí èkejì. Kí gbogbo wọn ti máìkì, kí wọ́n máa kà á tẹ̀lé tíṣà nílé wọn, kí ẹnì kan ṣoṣo ṣí tirẹ̀. Dò-rè-mí, ìyẹn àmì ohùn ọ̀rọ̀, máa ń dún ketekete bí nẹ́tíwọ̀kì bá dúró, ṣùgbọ́n bó bá ti ń fà, s àti ṣ a máa dàpọ̀ mọ́ra wọn létí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Nẹ́tíwọ̀kì ni mo ní ẹjọ́ púpọ̀ lé lórí. Àárín òkè ni Ẹ̀fọ̀n wà, ẹni tí òkè bá sì wà láàárín òun àti òpó, ó di dandan kó máa wá ibi tó ga dúró sí. Fídíò ọwọ́ yìí tún jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rán an, nẹ́tíwọ̀kì fóònù a sì máa yá láti gbà ju láti rán lọ. Ìpè fídíò kíláàsì lè jẹ dátà GB 1 ní wákàtí kan. Ní January 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, elélùbọ́ sì mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, mi ò béèrè fídíò ní gbogbo àkókò. Ohùn nìkan la fi ń kàwé. Bó bá kan kíkọ, a ó ṣí kámẹ́rà, a ó tì í tá a bá kọ ọ́ tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú lè dá fídíò tó ń wọlé dúró nínú Zoom, torí wọn ò nílò láti máa wo ọwọ́ ara wọn.

Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára gbogbo bọ́tìnì rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ̀ọ́kà kò lè dá nìkan bá a jà. Ẹ lọ bá a nílé ná lójú ọ̀sán, kí ẹ fi fóònù tirẹ̀ gan-an kọ́ ọ, àwọ̀ àti àwòrán ni kí ẹ fi júwe. Ẹni tí kò di bírò mú rí, mi ò ní fi Zoom bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ rárá. Ó nílò ẹni tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn ọmọ ló sábà máa ń ra dátà fún ìyá wọn, ọmọ-ọmọ ló sì ń bá wọn ṣí fóònù. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ wọn. Ara ò gba àwọn ọmọ yẹn, bí màmá bá pẹ́ díẹ̀ lórí lẹ́tà kan, wọ́n á gba bírò kọ ọ́. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn kámẹ́rà tó dojú kọ ìwé nìyẹn: ọwọ́ tó bá wọlé lábẹ́ àga, màá rí i, màá sì ní kó dá bírò padà fún màmá.