Ilé oògùn kan ní Mọ́kọ́lá àti iye tí oògùn dà

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ra oògùn ìyá mi ní ilé ìtajà oògùn kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, iṣẹ́ wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Apòògùn tó ni ibẹ̀ máa ń fi ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ han oníbàárà kó tó gbowó, bí àgbàlagbà bá sì wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò ní kí wọ́n jókòó kí òun kọ́kọ́ yẹ ìfúnpá wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí wọn yóò máa ṣẹ́ dọ́là. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,400 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Láàárín àkókò yẹn, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline, iléeṣẹ́ tó ni Ventolin tí oníkọ́ fée ń fà àti Augmentin tó ń pa kòkòrò àìsàn, kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, pé alágbàtà ni yóò máa bá àwọn ta oògùn. Nígbà tó jẹ́ pé òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn wa ti ń wá, tó sì jẹ́ pé àpò aláìsàn ni èyí tó ju ìlàjì owó ìtọ́jú lọ ti ń jáde, orí àtẹ apòògùn yìí ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Ìyá mi ní ikọ́ fée. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n fa Ventolin bí èémí bá ń há wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fà báyìí, wọn a sì máa mi agolo rẹ̀ létí bóyá nǹkan ṣì kù nínú rẹ̀. Àwọn tó gbọ́n nípa ọrọ̀ ajé ní ọ̀wọ́ngógó yóò mú kí àwọn aṣoògùn ilẹ̀ wa dìde, àmọ́ dọ́là náà ni àwọn aṣoògùn yẹn fi ń ra èròjà. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni Ààrẹ tó fọwọ́ sí àṣẹ tó mú owó orí ẹrù kúrò lórí èròjà wọ̀nyí, lẹ́yìn ọdún kan gbáko. Mo gbà pé àṣẹ yẹn ló yẹ kó ṣíwájú ti dọ́là.

Lọ́jọ́ kan, lójú mi, ọkùnrin kan mú ìwé dókítà wá, ó ní kí wọ́n gé Augmentin mẹ́rin fún òun nínú mẹ́rìnlá. Apòògùn náà fi sùúrù ṣàlàyé pé bí kò bá lò ó tán, kòkòrò àìsàn náà lè di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí wọn kì í ti í ta ayédèrú, ẹ lọ síbẹ̀. Wọ́n ń ṣe àwìn fún oníbàárà tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìwé gbèsè tí kò sí lórí káńtà nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta báyìí, orúkọ ìyá mi sì wà nínú rẹ̀.