Síkáànù ìsàlẹ̀ ikùn: ohun tó ń rí àti ohun tó ń fò dá

Obìnrin tí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn, síkáànù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ní kó lọ ṣe. Àyẹ̀wò gidi ni. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 20 ló sì ń gbà. Àmọ́ irú èyí tí ẹ ṣe àti bí ẹ ṣe múra sílẹ̀ ló máa sọ bóyá owó yín kò ní ṣòfò.

Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ikùn nílò àpò ìtọ̀ tó kún. Ìtọ̀ yẹn ló ń ti ìfun kúrò lójú ọ̀nà, torí afẹ́fẹ́ inú ìfun kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ríran. Ẹ mu omi inú ọ̀rá méjì, ìyẹn nǹkan bíi lítà kan, nígbà tó bá ku wákàtí kan, kí ẹ sì pa ìtọ̀ mọ́ra. Omi ni o, kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ibùdó tó bá ní kí ẹ wọlé nígbà tí ìtọ̀ kò tíì gbọ̀n yín kò ṣe dáadáa: wọ́n lè kàn kọ ọ́ pé àwọn kò rí ilé ẹyin, kí ẹ sì tún padà wá sanwó.

Èyí tí wọ́n ń gba ojú ara ṣe la fara mọ́ jù fún ẹni tó ti ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Fún tiẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ̀ tán. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n á wọ kọ́ńdọ̀mù sí i, wọ́n á sì fi jẹ́ẹ̀lì pa á. Lójú yín ni kí wọ́n ti já ọ̀rá kọ́ńdọ̀mù náà. Ọ̀pá yìí máa ń súnmọ́ ilé ẹyin, nítorí náà àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Bí ọ̀pá náà bá kan ibi tó ń dùn yín gan-an, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á dúró síbẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wàyí o, èsì. Síkáànù máa ń rí ìju (fibroid) dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní ìju tí kò dùn wọ́n rárá, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sáré lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Àpò omi kékeré nínú ilé ẹyin sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n á tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ọ̀rọ̀ inú èsì tó ń ká wa lára jù ni "fluid in the POD", ìyẹn omi nínú àlàfo tó wà lẹ́yìn ilé ọmọ. Omi díẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun, pàápàá lásìkò tí ẹyin bá jáde, síbẹ̀ àìmọye èèyàn ló ti tìtorí rẹ̀ gbé oògùn ìnféṣọ̀n mì.

Ohun tó sábà máa ń fò dá ni endometriosis, níbi tí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ti ń hù síta rẹ̀. Bí ìrora bá ń bẹ̀rẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé, tó ń dunni nígbà ìbálòpọ̀ tàbí nígbà ìgbẹ́, ẹ lọ rí dókítà àwọn obìnrin, kódà bí èsì bá ní kò sí nǹkan kan. Síkáànù kò lè rí ìrora inú iṣan, ó sì lè má rí ìnféṣọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún àti ti ìtọ̀ ṣáájú. Owó wọn kéré. Bí nǹkan oṣù bá ti pẹ́, tí ìrora sì dé lójijì pẹ̀lú òòyì tàbí èébì, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ibùdó síkáànù.