Mo parí kọ́ọ̀sì tíọ́rì orin fún àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà ṣe bíìtì, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mi ò mọ dùrù tẹ̀, mi ò lè ka orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún yẹn, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ò ju kí n fi mouse gbé nóòtù síbí, kí n gbé e sọ́hùn-ún, títí tó fi máa dùn létí mi. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣe báyìí o, nínú bíìtì mẹ́wàá ọ̀kan á dùn, mẹ́sàn-án tó kù á dà bí ìgbà tí ìkòkò ń já lulẹ̀, mi ò sì mọ ìdí. Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ṣì máa bú wọn díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé inú piano roll ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ojú ìwé alápòótí nínú sọ́fíwíà tá a ti ń to nóòtù. Wọ́n ní kí n ka àpótí láti C kan lọ sókè, 12 ni, lẹ́yìn ẹ̀ C mìíràn ló kàn. Major scale wá di ìṣirò ọmọ kékeré: fo 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1, ó tán! Tó o bá bẹ̀rẹ̀ láti C, bọ́tìnnì funfun nìkan ni, tó o bá bẹ̀rẹ̀ láti D, dúdú méjì á wọlé, F# àti C#, síbẹ̀ do re mi fa so la ti do kan náà ni etí ẹ máa gbọ́.

Kọ́ọ̀dù, ìyẹn nóòtù bíi mẹ́ta tó ń dún pọ̀, náà rí bẹ́ẹ̀. Mú nóòtù kan, ka 4 sókè, tún ka 3 sí i, major nìyẹn. Jẹ́ kí 3 ṣáájú 4, ó di minor. Mo gbé E tó wà láàárín C àti G sísàlẹ̀ ẹyọ kan, orin náà fajú ro lójú ẹsẹ̀, mo gbé e padà, ó tún rẹ́rìn-ín, mo ń ṣe é bí ọmọdé tó ń tan iná tó ń pa á. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo lọ ṣí bíìtì àtijọ́ kan, àṣé D major ni kọ́ọ̀dù mi, tó ní F# nínú, báàsì wá ń lu F lásán nísàlẹ̀! Ẹyọ kan péré ló wà láàárín wọn, wọ́n sì ń jà. Ọdún méjì o.

Inversion, ìyẹn kéèyàn tún nóòtù kọ́ọ̀dù tò kí òmíràn bọ́ sísàlẹ̀, òun nìkan tó owó tí mo san. Tẹ́lẹ̀, kọ́ọ̀dù mi máa ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, láti C lọ sí G. Wọ́n ní kí n fi G sílẹ̀ níbi tó wà, kí C sún lọ sí B, kí E sún lọ sí D, ó parí, ó ń ṣàn bí omi.

Ó wá ku ẹjọ́ wọn. Olùkọ́ ń pe C àárín ní C4, sọ́fíwíà tèmi ń pè é ní C5, nóòtù MIDI 60 (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ nóòtù) kan náà ni àwọn méjèèjì, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bí mo ṣe ń to kọ́ọ̀dù sísàlẹ̀ jù nìyẹn, tó ń dún wùrùwùrù, tí mo rò pé spíkà mi ló bàjẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìlù. 4/4 (ìlù mẹ́rin nínú bár kan, ìyẹn ìyípo kan), àpótí 16, 120 BPM (ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan), bár kan á gba ìṣẹ́jú àáyá 2, a ti gbọ́. 6/8 ńkọ́? Wọ́n sáré kọjá ẹ̀. Swing, ìyẹn kí ìlù kan pẹ́ díẹ̀ kó lè máa jó? Kò sí rárá. Wọ́n ní kí n quantize gbogbo nǹkan pátápátá, ìyẹn kí n fà á bọ́ sójú àpótí gẹ́lẹ́, ìlù mi wá ń rìn bí aago ara ògiri. Ìgbà tí mo fúnra mi yí velocity (bí ìlù ṣe le tó) hi-hat (ìlù irin pẹlẹbẹ), òmíràn 60, òmíràn 110, ló tó mí èémí.

Ẹni tó bá ń kọ orin Yorùbá náà, ẹ ṣọ́ra, wọn ò débẹ̀. Mo gbé mélódì tó ń gòkè lé "ọkọ̀ mi dé", ẹni tó gbọ́ ọ ní ṣé ọkọ́ ló dé, ṣé oko là ń lọ ni?

Tó ò bá mọ nǹkan kan, wọ̀ ọ́. Tó o bá ti mọ kọ́ọ̀dù tó o kàn fẹ́ mọ ìlù, fi owó ẹ pamọ́ jàre. Apá kejì ti jáde, màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi fídíò ìlù hàn mí.