DHIS2 rèé o, bí àwa tá à ń tẹ nọ́ńbà sí i ṣe rí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sídìí iṣẹ́ M&E ní káńsù, ìyẹn bíbójú tó iṣẹ́ àti yíyẹ̀ ẹ́ wò, tẹ́ ẹ ń bi wá bóyá DHIS2 yìí, ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń kó nọ́ńbà ilé ìwòsàn jọ, dáa, ó dáa o, mi ò ní parọ́, àmọ́ ó níbi tó ti ń dàmú èèyàn. Yunifásítì Oslo ní Norway ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, South Africa ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀, orílẹ̀-èdè tó ń lò ó báyìí sì ti lé ní 70.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Aboyún dé, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, oṣù parí, wọ́n ka ìlà, wọ́n kọ iye ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù NHMIS, ìyẹn fọ́ọ̀mù oṣooṣù tí ilé ìwòsàn fi ń jábọ̀ fún ìjọba, fọ́ọ̀mù yẹn á wá dọ́dọ̀ wa ká tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ. Iye nìkan ló ń lọ o, orúkọ ẹnikẹ́ni ò bá fọ́ọ̀mù yẹn kúrò nílé ìwòsàn, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bó ṣe ń mú àṣìṣe. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé 35 èèyàn ló ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà, tẹ́ ẹ tún wá kọ pé 53 ló ní in, ẹ tẹ validation, ìyẹn ibi tó ti ń yẹ nọ́ńbà wò, ó máa fà á yọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sílé tó ro nọ́ńbà tó bára mu, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa kọjá, ẹ̀rọ ò mọ irọ́ tó bá gún régé.

Èyí tó ń bí mi nínú ni òdo. Tẹ́ ẹ bá tẹ 0, kì í tọ́jú ẹ̀ àfi tí alábòójútó ẹ̀rọ bá ti mú un sí i pé kó máa tọ́jú ẹ̀. Ilé ìwòsàn tí aboyún kankan ò kú níbẹ̀ àti èyí tí ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, bákan náà ni àwọn méjèèjì máa rí lójú ẹ̀rọ. Ṣé irú ẹ̀ dáa?

Ẹ wá má jẹ́ kí coverage àjẹsára, ìyẹn iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún, tàn yín o. Ó lè fò kọjá 100% láìsí ẹni tó parọ́, torí iye ọmọ tí wọ́n fi ń pín in, orí ètò ìkànìyàn 2006 ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀ bọ̀, wọ́n kàn ń fi kún un lọ́dọọdún ni, ẹ tún fi àwọn ìyá tó ń ti káńsù kejì wá gba abẹ́rẹ́ kún un. Èmi Penta 1 sí Penta 3, ìyẹn abẹ́rẹ́ àjẹsára Penta tí wọ́n ń fún ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta, ni mò ń wò ní tèmi. Tí ọmọ 80 bá gba àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ kẹfà, tó wá jẹ́ 60 ló gba ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ kẹrìnlá, 20 ti já sílẹ̀ lọ́nà nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́rin, a ò nílò ètò ìkànìyàn kankan ká tó mọ̀ pé ó yẹ ká wá wọn lọ. Ẹ má lo oṣù kan péré ṣá, ẹ kó bí ọdún kan pọ̀, torí ọmọ tó gba Penta 3 lóṣù yìí, oṣù mìíràn ló gba Penta 1.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé: nọ́ńbà ń gòkè lọ Àbújá, kì í sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fojú ka ìlà ò ní lògín, ṣáàtì tó rẹwà yẹn kì í dójú ẹ̀, ẹ wá ń retí pé kó kọ ọ́ dáadáa. Èmi máa ń tẹ ṣáàtì náà sórí pépà lọ bá wọn, mátírọ́ọ̀nù kan sì lẹ tiẹ̀ mọ́ ògiri.

Áàpù Android ẹ̀ dáa púpọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì, tẹ́ ẹ bá dé ìgboro kẹ́ ẹ wá fi í ránṣẹ́. 7 nínú 10 ni mo fún un. Ẹ ní kí alábòójútó yín bá yín tún ti òdo yẹn ṣe, ó kéré tán lórí ikú aboyún.