Agbòòrùn Aláwọ̀ Fàdákà Tí Mo Ti Lò Fún Oṣù Márùn-ún

Níbi tí mo ti ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́, kò sí òrùlé, kò sí igi. Òpó iná kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, àwa tí a ń dúró de ọkọ̀ á tò sẹ́yìn ara wa sínú òjìji òpó yẹn, gbọọrọ, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Bí òjìji bá sún, àwa náà á sún. Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí mo pinnu pé màá ra agbòòrùn tó jẹ́ ti oòrùn lóòótọ́, kì í ṣe ti òjò.

Èyí tí mo rà, òkè aṣọ rẹ̀ ní àwọ̀ fàdákà, inú rẹ̀ dúdú. Ohun tó jẹ́ kí n mú un gan-an nìyẹn. Fàdákà ń dá ìtànṣán oòrùn padà sókè; dúdú inú sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó ń ta láti orí kọ́ńkéré mì, kò jẹ́ kó tún ta sójú ẹni. Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ló ń dán. Ṣe ni mo máa ń di ojú lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ó ń mú afẹ́fẹ́ tutù. Kì í ṣe òótọ́. Afẹ́fẹ́ abẹ́ agbòòrùn kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn ṣáà ń fẹ́ ẹ kọjá ni. Nọ́ńbà ìwọ̀n ooru tí fóònù ń sọ fún wa láràárọ̀ pàápàá, ti ibòji ni: inú àpótí funfun tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gbé tẹ̀mómítà sí, kí oòrùn má bàa kàn án. Bí fóònù bá ní 33°C, ẹni tó dúró sínú oòrùn ń gba 33 yẹn, ó tún ń gba èyí tí oòrùn ń rọ̀ lé e lórí, pẹ̀lú èyí tí ògiri àti ọ̀dà títì ń mí jáde. Ti orí yẹn ni agbòòrùn ń gbà kúrò, kò sì kéré rárá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, èjìká mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó dà bíi pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dà dúdú tó ti ń gba oòrùn láti àárọ̀ lè gbóná kọjá 50, agbòòrùn kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Torí náà mo ṣì ń yan ọ̀nà. Ní títì tó lọ láti àríwá sí gúúsù, ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ló ní ibòji láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ló ní in tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì rí oòrùn, bó tilẹ̀ jìn díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti gbóná tó 35, tó bá awọ ara dọ́gba, òógùn tó ń gbẹ lára nìkan ló kù tó ń gbé ooru kúrò. Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin pọ̀, tí òógùn kàn ń kán tí kò gbẹ, ẹ fi ìrìn yín falẹ̀, kí ẹ wọ aṣọ fífẹ̀, kí ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Agbòòrùn náà fẹ̀ tó 120 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ń fi igun gún èèyàn níbi tí èrò bá pọ̀. Mo ti ń ráhùn sí èyí títí di ọjọ́ tí bàbá àgbà kan sún mọ́ mi ní ibùdókọ̀, tí wọ́n ní, “Ọmọ mi, àyè kù níbẹ̀ bí?” Mo ní, “Ẹ bọ́ síbí, Bàbá.” Ẹ̀wù wọn gbóná bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó gba àwa méjèèjì, n kò tún ráhùn mọ́.

Ibi tí àwọn tó ṣe é ti já mi kulẹ̀ ni bí wọ́n ṣe rán an. Egungun mẹ́jọ ló ní. Lóṣù kẹta, atẹ́gùn yí i padà ní ìkóríta, orí egungun kan sì yọ kúrò nínú àpò aṣọ rẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ ojú: ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi mú un, wọn kò ta kókó sí ìdí òwú. Ó dùn mí, torí aṣọ náà dára gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, kò dá mi lóhùn. Mo fi òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà rán an fúnra mi, mo sì ta kókó sí àwọn méje yòókù.

Bí ẹ bá ń rìn jù ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lóòrùn, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ fa orí egungun kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹrù, fìlà elétí fífẹ̀ ló máa dára fún un jù.

Lánàá, mo ṣí i, mo sì kúrò lórí ìlà. Ọmọbìnrin kan tó gbé báàgì ilé ìwé kọ́ ẹ̀yìn bọ́ sí àyè mi nínú òjìji òpó.